Ohun Tí Gbòǹgbò Ń Fi Oògùn Koríko Ṣe Lábẹ́ Ilẹ̀

Koríko kan wà ní àárín ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní kochia. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kórìíra rẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ oògùn tó ń pa koríko mìíràn kì í ran òun. Ní ìpínlẹ̀ Iowa, níbi tí àgbàdo ti gba ilẹ̀ kan, kochia máa ń hù níbi tí nǹkan mìíràn ò ti lè hù: ní àyíká ibi tí wọ́n ti ń po oògùn oko, tí wọ́n ti ń fọ táńkì, tí oògùn sì ti ń kán sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Todd Anderson, Ellen Kruger àti Joel Coats, àwọn olùwádìí ní Iowa State University, lọ bu erùpẹ̀ rẹ̀. Wọ́n bu èyí tó wà ní ìdí gbòǹgbò kochia, wọ́n sì bu èyí tó wà ní ojú ilẹ̀ gbalasa nítòsí rẹ̀, níbi tí koríko kankan ò hù sí. Wọ́n wá da oògùn koríko mẹ́ta, atrazine, metolachlor àti trifluralin, sínú erùpẹ̀ méjèèjì. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1994 ni pé oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tètè fọ́ sí wẹ́wẹ́ nínú erùpẹ̀ ìdí gbòǹgbò ju bó ṣe fọ́ nínú ti ilẹ̀ gbalasa lọ.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn ìwádìí yìí ni pé kò sí kochia nínú erùpẹ̀ náà mọ́ nígbà tí wọ́n ń dán an wò. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Ohun yòówù tó ń fọ́ oògùn náà, gbòǹgbò ti fi í sílẹ̀ sínú erùpẹ̀ kó tó lọ. Nǹkan ọ̀hún ni orí ìwé yìí dá lé.

Ká tó wá a kàn, ẹ jẹ́ ká mọ oògùn tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Geigy ti ìlú Basel, ní Switzerland, ló mú atrazine jáde ní 1958. Bí koríko bá fi gbòǹgbò fà á, ó máa gòkè dé ewé, á sì dènà iṣẹ́ tí ewé ń ṣe láti fi oòrùn se oúnjẹ. Koríko á pọ́n, á sì kú. Àgbàdo ò kú, torí pé ó ní agbára láti so atrazine mọ́ èròjà kan nínú ara rẹ̀ kó tó lè ṣe é ní jàǹbá. Ọkà bàbà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìrèké sì wà lára ohun ọ̀gbìn tí wọ́n ń fín in sí. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ fi lè fín in sí oko àgbàdo, kí àgbàdo máa dàgbà, kí koríko máa kú lábẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ wa náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀pọ̀ oko àgbàdo ní ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti fín in sí, nígbà mìíràn òun nìkan, nígbà mìíràn wọ́n á pò ó mọ́ metolachlor.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í tètè kúrò nílẹ̀. Ohun tí ìwé sábà máa ń sọ ni pé lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 60, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tutù nini tàbí bó bá gbẹ, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá móoru tí omi sì wà nínú rẹ̀, ó lè yá. Àgbẹ̀ tó bá fi òjò àkọ́rọ̀ gbin àgbàdo, tó wá fẹ́ fi àrọ̀kúrò gbin ẹ̀wà, tòmátì tàbí ẹ̀fọ́ sórí ilẹ̀ kan náà lè rí i kí ẹ̀wà náà hù dáadáa, kí etí ewé rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kó sì máa gbẹ. Oògùn àkọ́rọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lórí ohun ọ̀gbìn àrọ̀kúrò. Omi òjò sì ń gbé lára rẹ̀ lọ sínú odò àti kànga. Nítorí omi abẹ́ ilẹ̀ ni Jámánì ṣe fòfin de atrazine ní 1991, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà fi kọ̀ láti tún un gbà wọlé ní nǹkan bí ọdún 12 lẹ́yìn náà. Ní Nàìjíríà, NAFDAC kéde pé òpin ìlò rẹ̀ ni 1 January 2025. Òfin lè dí ọ̀nà oògùn tuntun. Èyí tó ti wà nílẹ̀ ńkọ́?

Ní 1904, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Lorenz Hiltner, tó ń ṣèwádìí nípa bakitéríà tó ń gbé lára gbòǹgbò ẹ̀wà àti àwọn ẹbí rẹ̀, sọ fún ayé pé ilẹ̀ tó yí gbòǹgbò ká kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Ó fún un ní orúkọ tirẹ̀, títí dòní ni àwọn onímọ̀ sì ń lo orúkọ yẹn. Nínú ìwé yìí, sàkáání gbòǹgbò ni màá máa pè é. Ó tín-ín-rín gan-an: ìwọ̀n mìlímítà kan sí mélòó kan péré ni láti ara gbòǹgbò síta. Síbẹ̀, bakitéríà inú rẹ̀ lè pọ̀ tó ìlọ́po 10 sí 100 ti ilẹ̀ tó jìnnà sí gbòǹgbò.

Mìlímítà kan ò jọ nǹkan títí a ó fi ronú nípa bí gbòǹgbò ṣe gùn tó. Ní 1937, Howard Dittmer gbin irúgbìn kan ṣoṣo ti rye, ọkà kan tó jọ àlìkámà, sínú àpótí ní Iowa, ó jẹ́ kó dàgbà fún oṣù mẹ́rin, lẹ́yìn náà ló fọ erùpẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò rẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Àpapọ̀ gígùn gbòǹgbò ewéko kan yìí lé ní 600 kìlómítà, ìyẹn ìrìn Èkó sí Ìlọrin ní àlọ àti àbọ̀. Irun gbòǹgbò, àwọn fọ́nrán tínínrín tí ojú ò fẹ́ẹ̀ rí, tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 14. Gbogbo èyí wà nínú àpótí tí ọmọ kékeré lè jókòó lé. Bí a bá wá fi mìlímítà kan tàbí méjì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká, a óò rí i pé nínú oko tí ohun ọ̀gbìn ti dí dáadáa, èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ òkè ló ti di sàkáání gbòǹgbò.

Kí ló ń fa bakitéríà wá síbẹ̀? Oúnjẹ ni. Ewéko ń fi oòrùn se ṣúgà nínú ewé, ó sì ń rán apá kan nínú rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Gbòǹgbò kì í jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ń tú ṣúgà, ásíìdì, èròjà pùrótéènì àti ohun yíyọ̀ bíi ti ilá sínú ilẹ̀, tọ̀sán tòru. Ara rẹ̀ tó ń bó bó ṣe ń wọlẹ̀ lọ náà tún ń di oúnjẹ. Ní ilẹ̀ tí gbòǹgbò ò sí, ebi ló ń pa ọ̀pọ̀ bakitéríà. Wọ́n á sùn, wọ́n á máa retí. Bí ìyá olóńjẹ bá pa àgọ́ sí ibùdókọ̀, òun kọ́ ló ń tún ọkọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n nítorí oúnjẹ rẹ̀, mẹkáníìkì ò ní wọ́n níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò. Ọ̀pọ̀ èrò ń wá jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀, nínú wọn sì ni àwọn tó mọ bí a ṣe ń tú oògùn koríko palẹ̀ wà.

Ohun mìíràn tún wà nínú oúnjẹ yìí tó ṣe pàtàkì. Lára èròjà tí gbòǹgbò ń tú jáde ni àwọn kan wà tí àwọn átọ́ọ̀mù wọn so kọ́ra bí òrùka. Oògùn koríko bíi 2,4-D náà ní òrùka bẹ́ẹ̀ nínú ara rẹ̀. Bakitéríà tó ti ní irinṣẹ́ tó fi ń já òrùka ara ewéko lè fi irinṣẹ́ kan náà gbá oògùn mú láìmọ̀. Ní South Africa, Sandmann àti Loos ka bakitéríà tó lè jẹ 2,4-D ní ìdí oríṣiríṣi ohun ọ̀gbìn, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 1984. Ìdí ìrèké ni wọ́n ti bá wọn tí wọ́n pọ̀ gan-an.

Iṣẹ́ ọ̀hún sì lè ju agbára ẹnì kan lọ. Ní 1985, Lappin, Greaves àti Slater, ní Bìrìtéènì, ròyìn agbo bakitéríà kan tí wọ́n rí lára gbòǹgbò àlìkámà. Wọ́n fún wọn ní oògùn koríko kan tó ń jẹ́ mecoprop, wọn ò sì fi oúnjẹ mìíràn sí i. Oríṣi bakitéríà márùn-ún ló wà nínú agbo náà. Nígbà tí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí ọ̀kan tó lè fi mecoprop gbé ara rẹ̀ ró. Nígbà tí wọ́n jọ wà, wọ́n jẹ ẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fi ń wò ó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti rí i léraléra, wákàtí 24 ò ní pé tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa ti sọ pé àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, mi ò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bá a mu tó ìdí gbòǹgbò àlìkámà yìí. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan gé etí oògùn náà, kí èkejì gba èyí tó ṣẹ́kù, kí ẹ̀kẹta jẹ ìdọ̀tí tí ì bá pa àwọn méjì ìṣáájú.

Ti atrazine náà le, torí ọmọ ènìyàn ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Bakitéríà kankan ò rí i rí ṣáájú 1958. Síbẹ̀, ní 1995, Mandelbaum, Allan àti Wackett ti Yunifásítì Minnesota kéde pé àwọn ti rí bakitéríà kan ní ibi tí oògùn koríko ti dà sílẹ̀, tó lè jẹ atrazine tán pátápátá. Pseudomonas ADP ni wọ́n pè é. Ohun tó ń wá nínú atrazine ni náítírójìn, torí pé átọ́ọ̀mù náítírójìn márùn-ún ló wà nínú ẹyọ atrazine kọ̀ọ̀kan. Ó máa kọ́kọ́ yọ átọ́ọ̀mù kílórìnì kan ṣoṣo tó wà lára rẹ̀, ìgbésẹ̀ yìí nìkan sì ti tó láti sọ ọ́ di ohun tí kò lè pa koríko mọ́. Lẹ́yìn náà ló máa gé ìrù rẹ̀ méjèèjì, tí á sì já òrùka àárín.

Ibo ni irinṣẹ́ yẹn ti wá láàárín ogójì ọdún péré? Wackett àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìdáhùn kan tó yà mí lẹ́nu. Ẹ́ńsáìmù tó ń yọ kílórìnì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òmíràn dọ́gba pátá, èyí tó ń fọ́ melamine, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe àwo líle. Nínú èròjà 475 tí wọ́n fi kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, 9 péré ló yàtọ̀. Jíìnì tó gbé ìmọ̀ yìí dání wà lórí òrùka kékeré kan tí bakitéríà lè fún bakitéríà mìíràn nígbà tí wọ́n bá fara kanra. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ibi púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí bakitéríà ti ń fara kanra tó sàkáání gbòǹgbò, níbi tí wọ́n ti pọ̀, tí wọ́n ti yó, tí omi sì wà láàárín wọn. Gbòǹgbò ń bọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà, ó sì tún ń jẹ́ kí wọ́n rí ẹni tí wọn á kọ́.

Ẹ lè wá béèrè pé: ṣé ewéko fúnra rẹ̀ kì í fa oògùn yìí mu ni? Ó ń fà á, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Ìwádìí tí Chung-Ho Lin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Missouri tẹ̀ jáde ní 2008 ló la ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Wọ́n kó ilẹ̀ sínú àwọn àgbá ńlá tí wọ́n fi ihò sí ìsàlẹ̀ kí wọ́n lè gba omi tó bá sẹ̀. Wọ́n gbin koríko oríṣi márùn-ún sínú wọn, wọ́n fi òmíràn sílẹ̀ lóníhòòhò, wọ́n sì da atrazine sí gbogbo rẹ̀. Ohun tí koríko fà sínú ara kò tó ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó bá omi lọ kò tó ìdá 15. Ilẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù lọ wà, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ ti hàn. Nínú àgbá tí wọ́n gbin koríko switchgrass sí, lẹ́yìn ọjọ́ 25, ó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àjẹkù oògùn inú ilẹ̀ tó ti yí padà sí ohun tí oró rẹ̀ dínkù. Nǹkan bí ìdajì lára rẹ̀ sì ti di irú tó ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, tí kì í fẹ́ bá omi rìn.

Switchgrass yìí, koríko ọ̀dàn ni. Ó ga, gbòǹgbò rẹ̀ sì jìn, gbòǹgbò náà kì í sì í kú lọ́dọọdún bíi ti koríko ojú oko. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń gbin irú rẹ̀ sí etí oko ní Missouri, láàárín àgbàdo àti odò, kí omi òjò tó ń gbé oògùn bọ̀ lè kọ́kọ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Koríko á dá omi dúró, omi á rì sílẹ̀, oògùn á sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ní ìdí gbòǹgbò.

Gbòǹgbò àgbàdo ní ọgbọ́n kan tirẹ̀ tí kò nílò bakitéríà. Ó ń tú èròjà kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní DIMBOA, ohun ìjà tó fi ń lé kòkòrò. Èròjà yìí lè yọ kílórìnì lára atrazine fúnra rẹ̀. Nítorí náà, oko àgbàdo tó dúró dáadáa ń ràn wá lọ́wọ́ láti tú oògùn tí a fín sí i palẹ̀. Oko tí àgbàdo rẹ̀ kò hù dáadáa, tí àgbẹ̀ sì ti fín gbogbo oògùn sí, ni oògùn máa ń pẹ́ jù nínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àgbẹ̀ tí àgbàdo já kulẹ̀ fún ti máa ń yára fẹ́ fi ẹ̀wà dípò. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá wà nírú ipò yẹn dúró rò ó wò kó tó ra irúgbìn ẹ̀wà.

Mi ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbòǹgbò máa ń yá iṣẹ́ yìí ní gbogbo ìgbà. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń fà á sẹ́yìn. Bakitéríà tó ń rí ṣúgà jẹ lè má yà sọ́dọ̀ oògùn rárá. Nígbà ọ̀dá, gbòǹgbò a máa fa omi ilẹ̀ tán, bẹ́ẹ̀ bakitéríà ò lè ṣiṣẹ́ nínú ilẹ̀ gbígbẹ. Ilẹ̀ tí kò rí irú oògùn kan rí lè má ní ẹnì kankan nínú rẹ̀ tó mọ bí a ṣe ń fọ́ ọ. Kò sí iye gbòǹgbò tó lè bọ́ ẹni tí kò sí nílé. Paraquat tún wà, èyí tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa mọ̀ sí Gramoxone, tí NAFDAC ti sọ pé òpin rẹ̀ ni 1 January 2024. Òun máa ń wọnú amọ̀ lọ fara pamọ́ láàárín àwọn ìpele rẹ̀, níbi tí bakitéríà ò lè dé, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọ̀rọ̀ náítírójìn ló yẹ kí àgbẹ̀ fi sọ́kàn jù nínú gbogbo èyí. Mo ti sọ pé náítírójìn ni bakitéríà ń wá nínú atrazine. Bí fatiláísà bá pọ̀ jù nínú ilẹ̀, bakitéríà ti rí náítírójìn tó rọrùn jẹ, kí ló fẹ́ wá dé inú atrazine? Onírúurú ìwádìí ti fi hàn pé náítírójìn tó pọ̀ nínú ilẹ̀ ń fa ìfọ́ atrazine sẹ́yìn. Ibí yìí ni gbòǹgbò tún ti wúlò lọ́nà tí èèyàn ò lè tètè rò: ó ń bá bakitéríà du náítírójìn inú ilẹ̀. Bó ṣe ń gbé e mu, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ọ́ di dandan fún bakitéríà pé kó lọ wá tirẹ̀ nínú oògùn.

Ti glyphosate yàtọ̀ pátápátá, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ wò ó, torí pé òun ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń ṣán oko lónìí kí wọ́n tó gbin ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo. Láti 1974 ló ti wà lọ́jà. Ewé ni wọ́n ń fín in sí, kì í ṣe ilẹ̀. Bó bá sì bọ́ sórí ilẹ̀, pàápàá ilẹ̀ pupa bíi tiwa tí irin pọ̀ nínú rẹ̀, ilẹ̀ á gbá a mú, kò sì ní tètè jẹ́ kí gbòǹgbò kankan rí i fà. Torí èyí ni wọ́n fi ń sọ pé èèyàn lè gbin nǹkan láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò, bí ó ṣe ń gbé ṣúgà lọ. Ẹ̀kan tí a fín á kó oògùn náà jọ sí ibi tó rọ̀ jù lọ lára gbòǹgbò rẹ̀, apá kan á sì tú sínú ilẹ̀ láti ibẹ̀ bí koríko náà ṣe ń kú. Ìyẹn ni pé gbòǹgbò ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé oògùn gba orí ilẹ̀ tó ń gbá a mú kọjá, ó sì ti fi í sí àárín ibi tí gbòǹgbò tuntun máa gbà.

Ní Yunifásítì Hohenheim, ní Jámánì, Tesfamariam àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2009. Wọ́n fín glyphosate sí koríko, wọ́n sì gbin sunflower, ewéko olódòdó ńlá tí wọ́n ń fún òróró rẹ̀, sójú ibẹ̀. Èyí tí wọ́n gbin láìdúró rárá ràn. Èyí tí wọ́n dúró fún ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta kí wọ́n tó gbin ṣe dáadáa jù ú lọ. Ìpalára náà sì le níbi tí wọ́n ti fín oògùn sí koríko ju ibi tí wọ́n ti da oògùn sílẹ̀ ní tààràtà lọ. Gbòǹgbò tó ń kú ló gbé e pa mọ́. Àgbẹ̀ tó ń fín oògùn láàárọ̀ tó sì ń gbin àgbàdo lọ́sàn-án, nítorí pé òjò ti ṣú, yẹ kó mọ èyí. Mo mọ̀ pé òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, bó bá ṣeé ṣe, ẹ fún ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán.

Kí wá ni ká ṣe sí ilẹ̀ tí oògùn ti wà nínú rẹ̀? Ohun tí mo gbà gbọ́, lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ni pé ilẹ̀ tí a fín oògùn sí kò gbọ́dọ̀ wà lóníhòòhò. Ọ̀pọ̀ wa ló ń rí oko tó mọ́ láìsí koríko kan bí ẹ̀rí àgbẹ̀ gidi. Bí a bá ti kórè àgbàdo àkọ́rọ̀ tán, a tún lè fín oògùn sí i kí koríko má hù, kí ilẹ̀ wà bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà tí a tún fẹ́ gbin nǹkan. Ní gbogbo àkókò yẹn, oòrùn ń pa bakitéríà òkè ilẹ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ò rí oúnjẹ, oògùn sì wà níbẹ̀. Àgbàdo kejì tàbí ọkà bàbà ló yẹ kó tẹ̀ lé àgbàdo lórí ilẹ̀ tí a ti fín atrazine sí, torí pé wọ́n á lè gbé inú rẹ̀, gbòǹgbò wọn á sì máa bọ́ àwọn tó ń fọ́ ọ. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá dá a lójú pé oògùn ti tán lè gbin ẹ̀wà díẹ̀ sínú ìkòkò tí erùpẹ̀ oko náà wà nínú rẹ̀, kó sì gbin díẹ̀ sínú erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tí oògùn ò dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti tó láti rí ìyàtọ̀ lára ewé.

Etí odò ńkọ́? Eèsún àti àwọn koríko mìíràn tó wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fín oògùn sí wọn. Mo máa ń rí oko tí wọ́n ṣán dé etí omi gan-an, tí ilà ìkẹyìn àgbàdo fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú odò. Ìwọ̀nba mítà mélòó kan koríko tó ga tí gbòǹgbò rẹ̀ jìn ló wà láàárín oògùn oko àti ẹni tó ń pọn omi nísàlẹ̀ odò.

Èyí tó kù ni ibi tí a ti ń po oògùn. Ilẹ̀ tí oró rẹ̀ máa ń le jù ní àyíká oko ni ibi tí a ti ń bu oògùn sínú pọ́ǹpù, tí a sì ti ń fọ̀ ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, torí pé ibẹ̀ ni oògùn kíkì ti ń kán sílẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ará Sweden ti ronú sí èyí láti 1993, Lennart Torstensson sì wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n da pòròpórò àlìkámà gígé, erùpẹ̀ àti ilẹ̀dú inú ẹrẹ̀ pọ̀ sínú rẹ̀, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ pòròpórò. Wọ́n wá gbin koríko bò ó lójú. Orí kòtò yìí ni wọ́n ti ń bu oògùn tí wọ́n sì ti ń fọ ẹ̀rọ. Pòròpórò ń bọ́ olú àti èbu tó lè já òrùka inú oògùn. Koríko orí rẹ̀ ń fa omi jáde kí kòtò má bàa kún, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń bọ́ àwọn bakitéríà. Ó tún ní iṣẹ́ kan tí ojú lásán lè rí: níbi tí oògùn bá ti dà sílẹ̀ jù, koríko á kú níbẹ̀, onílé á sì mọ ibi tí pọ́ǹpù ti ń jò. Kò sí ohun kan nínú kòtò náà tí a ò ní níbí. Pòròpórò àgbàdo wa pọ̀ ju ohun tí à ń jó níná lọ, ilẹ̀dú wà lábẹ́ igi kòkó, koríko sì wà níbi gbogbo. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí kànga, ẹ fi amọ̀ tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi má bàa jò lọ, ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé àti ewúrẹ́ mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi eré tàbí ibi ìjẹko.